Ọgbọ̀n Àpò Ajílẹ̀ Buraimoh

Buraimoh kò gbọ́n. Àbúrò mi ni o, ìyá kan náà ló bí wa, ọmú kan náà la mu ní Ọ̀fà, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ bí ìsọkúsọ. Ẹni tó bá ń wá ọkùnrin tí yóò gbọ́ ìmọ̀ràn mẹ́wàá, tí yóò da mẹ́wẹ̀ẹ̀wá nù, tí yóò wá máa fọwọ́ lu àyà pé òun mọ̀ ọ́n ṣe, kó wá sí àdúgbò Nombakélé kó béèrè Buraimoh Oníyọ̀. Ọmọ kékeré gan-an á júwe rẹ̀ fún un.

Èmi Sìkírátù ni mo fà á wá sí Libreville. Ọkọ mi tó jẹ́ télọ̀ ló mú èmi náà débí, nígbà tí òyìnbó Faransé ṣì ń jẹ gàba lé gbogbo ilẹ̀ yìí lórí. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Mont-Bouët. Nígbà tí bàbá wa kú tí Buraimoh kò rí nǹkan gidi kan ṣe nílé, mo ránṣẹ́ pé kó máa bọ̀. Kútọnu ló ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó bì láti Kútọnu dé Douala, ó tún bì láti Douala débí, ẹni tó bá a wọkọ̀ ló sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tẹ ilẹ̀ gbígbẹ dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wa bó ṣe yẹ kí wọ́n máa wa ọkọ̀ ojú omi. Mo ní, "Kápútéènì, o kú ewu o." Kò mọ̀ pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní òun dúpẹ́.

Iyọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Afẹ́fẹ́ etíkun wa níbí a máa mú gbogbo nǹkan rin, aṣọ, bàtà, ibùsùn. Iyọ̀ tẹ́ ẹ gbé sílẹ̀ láàárọ̀, omi á ti máa ro lára rẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Buraimoh wá ọgbọ́n kan sí i. Ó lọ sí ilé ìlapákó níbi tí wọ́n ti ń la igi òkúmé, ó bu ìyẹ̀ pákó, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń tú sílẹ̀, ó dà á sí ilẹ̀ yàrá ẹrù rẹ̀ kó nípọn dáadáa, ó wá to iyọ̀ lé e lórí. Ìyẹ̀ pákó náà á fa omi ilẹ̀ mu, iyọ̀ á wà ní gbígbẹ. Ká má parọ́ mọ́ èèyàn, ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́, àwọn oníyọ̀ yòókù sì kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọgbọ́n kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un nìyẹn, ó sì lò ó kọjá ibi tó yẹ kó lò ó dé.

Àṣà rẹ̀ kejì, ilé wa ló ti kọ́ ọ. Ìyá wa kì í jẹ́ kí nǹkan ṣòfò. Gàrí tó bá dà sílẹ̀, a ó gbá a jọ, a ó kù ú, a ó dà á padà sínú igbá, ẹni tó bá sọ pé iyanrìn wà nínú rẹ̀ yóò gbọ́ èébú. Bẹ́ẹ̀ náà ni Buraimoh ń ṣe sí iyọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, ẹ ó bá a lórí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ń gbá wóró iyọ̀ jọ láti abẹ́ àga. Mo máa ń bi í bóyá òrùka wúrà ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí òmìnira dé lọ́dún 1960, tí wọ́n ta àsíá tuntun, ṣe ni Buraimoh lọ ra bàtà aláwọ. Ó ní òyìnbó ń lọ, ẹni tó bá yára ni yóò jókòó sórí àga wọn. Òyìnbó wo ló lọ? Àwọn tó ń la igi ṣì ń la igi, àwọn tó ń pàṣẹ ṣì ń pàṣẹ, bàtà sì ń há Buraimoh lẹ́sẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́ta kí ẹyọ kan ṣoṣo tó lọ lójú wa, Mùsíyọ̀ kan tó ń gbin kábéèjì àti tòmátì lẹ́yìn ìlú. Kó tó wọkọ̀, ó ta gbogbo ohun tó wà nínú àká rẹ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n lọ ra ọkọ́ àti kẹ̀kẹ́ akẹ́rù. Àbúrò tèmi kó ọgbọ̀n àpò ajílẹ̀ òyìnbó bọ̀ wá sílé.

Nítírétì ni wọ́n ń pè é. Wóró funfun kéékèèké ni, kò rùn bí ìgbẹ́ ẹran. Àpò bébà ló wà nínú, àpò yíyi bíi ti kòkó ló wà lóde, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan gbàgàdà gbàgàdà sí i lára. Buraimoh kò lè ka Faransé, èmi náà kò lè kà á. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó bù ú sí ìka, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò! Nǹkan tí kò mọ orúkọ ìyá rẹ̀! Ó tutọ́ dànù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má da ara yín láàmú. Iyọ̀ ni. Iyọ̀ tí ilẹ̀ ń jẹ ni."

Bó ṣe wọ wàhálà nìyẹn. Nítorí ó ti sọ pé iyọ̀ ni, ó tọ́jú rẹ̀ bí iyọ̀. Ó da ìyẹ̀ pákó tuntun sí ilẹ̀ yàrá ẹrù, ó to àpò ọgbọ̀n náà lé e lórí títí wọ́n fi kan ògiri. Kẹrosíìnì tó ń tà fún àwọn aládùúgbò, agolo mẹ́rin, wà ní igun kan náà. Ògiri tó wà láàárín yàrá ẹrù yẹn àti yàrá tí ìyàwó rẹ̀ ń sùn, pákó lásán ni, pákó tínínrín tí ẹ bá hanrun níhìn-ín, wọn á kí yín lọ́hùn-ún pé ẹ kú oorun.

Ìyàwó rẹ̀ ni Tàwàkálítù, ọmọ jẹ́jẹ́ kan láti Ìnísà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Oyún mẹ́ta ti bọ́ lára rẹ̀ nílùú yìí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó sì ń gbé ẹ̀kẹrin lọ́wọ́ nígbà tí àwọn àpò náà dé. Ó ti pé oṣù méje. Gbogbo wa là ń fi ẹ̀mí tútù wò ó, kò sẹ́ni tó jẹ́ kó gbé omi. Oyún yẹn, ká sòótọ́, òun ni gbogbo ohun tí Tàwàkálítù ní láyé.

Káfíńtà kan wà tó ń jẹ́ Marcellin, ọmọ Nàgó láti Kétu, onígbàgbọ́ tó ń lọ sí ìjọ Páádì. Òun àti ìyàwó rẹ̀ Célestine ń gbé ní Plaine Orety, kò jìnnà sí wa. Kó tó di káfíńtà, ó ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin ní ilé ẹrù àwọn òyìnbó ní etíkun Kútọnu, ó sì gbọ́ Faransé, ó lè kà á. Ní ọjọ́ kan ó wá tún ilẹ̀kùn yàrá ẹrù Buraimoh ṣe. Ó rí ọ̀dà pupa lára àpò, ó bẹ̀rẹ̀, ó kà á. Ó gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Buraimoh, ọ̀rẹ́ mi, ta ló ní kó o to èyí sórí ìyẹ̀ pákó?"

Buraimoh ní, "Èmi ni mo ní kí n tò ó bẹ́ẹ̀. Ṣé ìwọ lo ni ilé ni?"

Marcellin wá bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Ó ní ní Kútọnu, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí wọ́n gbá mọ́ tóní ni wọ́n ń to irú rẹ̀ sí. Orí igi tí wọ́n kàn bí àkàbà ni àpò máa ń wà kí omi má bàa kàn án, wọ́n á sì fi àyè sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ògiri kí atẹ́gùn lè máa kọjá. Ó ní kẹrosíìnì kò gbọdọ̀ bá a gbé inú yàrá kan náà láéláé, èédú kò gbọdọ̀ bá a gbé, ìyẹ̀ pákó kò gbọdọ̀ fara kàn án. Wọ́n lé ọkùnrin kan lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, ó ní, nítorí sìgá kan ṣoṣo. Buraimoh ń yọ eyín, ó ń wò ó bí ẹni ń wo eré.

Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán lọ́sẹ̀ náà, Buraimoh pe gbogbo àwọn oníṣòwò tó ń kọjá lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó bu ajílẹ̀ náà sínú abọ́ irin, ó ní kí Marcellin sún mọ́ ọn dáadáa. Ó ṣá ìṣáná, ó tì í bọ inú rẹ̀. Ìṣáná kú. Ó ṣá òmíràn, ó tún kú. Ó ṣá ẹ̀kẹta, ó kú. Ló bá na abọ́ náà sókè, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wo ohun tó fẹ́ jó ilé mi!" Ẹ̀rín bú. Sàlámì tó ń ta agogo ọwọ́ rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ká má purọ́, èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù, mo sì béèrè lọ́wọ́ Marcellin bóyá wọ́n ń fi ìbẹ̀rù san owó oṣù ní Kútọnu.

Ọkùnrin náà dúró pẹ̀lú wa títí a fi rẹ́rìn-ín tán. Ó ní, "N kò sọ pé òun fúnra rẹ̀ ń jó. Iná ń fẹ́ atẹ́gùn kó tó lè jó, èyí sì ń gbé atẹ́gùn tirẹ̀ dání. Ẹ gbé e sún mọ́ ohun tó ń jó, iná kékeré á di ńlá, iyanrìn tí ẹ dà lé e kò sì ní pa á. Omi nìkan ni, omi púpọ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn." Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Buraimoh pariwo tẹ̀lé e pé kó má gbàgbé ìbẹ̀rù rẹ̀ sílẹ̀.

Ṣíọ̀! Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kó má bàa rún mi nínú: ọkùnrin kan tó fi ìṣáná mẹ́ta dán ohun tí kò mọ̀ wò, tó wá rò pé òun ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀kọ́ wo lẹ fẹ́ kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ó dán èyí tí wọn kò kìlọ̀ fún un nípa rẹ̀ wò, ó fi èyí tí wọ́n kìlọ̀ fún un nípa rẹ̀ sílẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, àpò kan ya. Òjò ti ń jò wọlé díẹ̀ láti ara páànù, àpò náà rin, ó dì bí òkúta, nígbà tí Buraimoh sì ń fi ẹ̀yìn àáké lù ú kó lè tú ká, ó bẹ́. Wóró funfun dà kalẹ̀ sínú ìyẹ̀ pákó. Kí ni ọmọ ìyá mi ṣe? Ó mú ìgbálẹ̀. Ó gbá gbogbo rẹ̀ jọ, ajílẹ̀ àti ìyẹ̀ pákó àti kẹrosíìnì tó ti máa ń kán sílẹ̀ níbẹ̀, ó kó o sínú àpò kan láìdi ẹnu rẹ̀, ó sì gbé e ti ògiri pákó. Ó ní nígbà tí ọwọ́ òun bá dilẹ̀, òun á kù ú. Ìyá wa ìbá yìn ín.

Tàwàkálítù bí. Obìnrin ni. Ọmọ náà ké, ilé ké, Buraimoh sunkún bí ẹni wọ́n nà. Èmi ni mo gba ìtọ́jú wọn, nítorí èmi ni mo dúró bí ìyá. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe ìyá ìkókó: omi gbígbóná láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ọbẹ̀ ata, àti ìkòkò ẹ̀yinná nínú yàrá kí òtútù má bàa wọ inú egungun rẹ̀. Nínú òjò Libreville, ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ fẹ́ pa ìyá ọmọ ni. Yàrá náà há, ibi tí ìkòkò iná lè gbé kò ju ìdí ògiri pákó lọ. Ibẹ̀ ni mo gbé e sí.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Marcellin àti Célestine wá kí wa kú ewu ọmọ, wọ́n gbé ọṣẹ àti aṣọ ọmọ wá. Marcellin fẹ̀yìn ọwọ́ kan pákó náà lókè ìkòkò iná, ó sì yára fà á kúrò. Ó dojú kọ mí, ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí, ó ní, "Ìyá Àràmátù, ẹ dákun, ẹ gbé iná yìí jáde. Ohun tó wà lẹ́yìn pákó yìí, ẹ mọ̀ ọ́n."

Ara mi gbóná. Ọkùnrin, nínú yàrá ìyá ìkókó, ó ń kọ́ mi bí a ti ń tọ́jú abiyamọ! Mo ní, "Marcellin, mélòó lo ti bí? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òtútù ló ń pa ìyá ọmọ, kì í ṣe ajílẹ̀. Jáde." Ó jáde. Célestine tẹ̀ sí etí Tàwàkálítù, ó sọ nǹkan fún un, òun náà tẹ̀lé ọkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹfà, Tàwàkálítù dìde lórí ibùsùn, ó wọ yàrá ẹrù fúnra rẹ̀. Ó pe Buraimoh. Mo gbọ́ wọn láti àgbàlá. Ó fi hàn án pé ìdí pákó náà ti ń dúdú ní ẹ̀gbẹ́ yàrá ẹrù pàápàá. Ó fi àpò àgbájọ náà hàn án, ó ní, "Ẹ bá mi da èyí nù, Bàbá Ìkókó. Ẹ bá mi dà á nù lónìí."

Buraimoh ní, "Ká da ọjà nù? Mo máa kù ú lọ́la."

Lọ́la! Ọ̀la ni ọjọ́ keje, ọ̀túnla ni ìkómọ. Àgbò ti wà lórí ìso, a ti pe Alfa, a ti pe àwọn ará Ọ̀fà láti Port-Gentil. Tàwàkálítù wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n jẹ́ kí òun lọ sinmi lọ́dọ̀ Célestine títí di àárọ̀ ìkómọ. Mo bi í bóyá ó ya wèrè. Ìyá ọmọ kì í jáde nílé kó tó kómọ. Ó ní kò burú. Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ keje, mo lọ kírun Àílà. Nígbà tí mo fi máa dé, ibùsùn ti ṣófo. Ọmọ kò sí, ìyá kò sí, ẹ̀yinná ń kú lọ nínú ìkòkò. Ìyàwó ilé wa gbé ọmọ ọjọ́ méje sẹ́yìn, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé àwọn tí kì í ṣe ẹbí, lójú gbogbo Nombakélé. Ó tijú? Kò tijú. Mo pariwo pe Buraimoh. Mo ní kó wọ bàtà, ká lọ wọ́ ọ bọ̀. Ìtìjú wo la ó sọ fún àlejò lọ́la?

Kí a tó lọ, mo ronú pé òtútù á ti mú un lọ́nà, kò sì ní dára kó padà bá yàrá tútù. Mo da èédú tuntun sínú ìkòkò. Mo fẹ́ ẹ títí ó fi pọ́n. Mo sún un mọ́ ògiri. Buraimoh dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí, ó ya ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú tí mo fi wò ó pa ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ." A lọ.

Ní ilé Marcellin, Tàwàkálítù jókòó sórí ẹní, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Mo sọ ohun tó wà nínú mi àti èyí tí kò sí nínú mi. Mo pè é ní aláfojúdi. Mo pè é ní àjèjì tí kò mọ iyì ọkọ. Mo tilẹ̀ sọ ohun tí kò yẹ kí ẹnu mi sọ, mo ní abájọ tí àwọn mẹ́ta yòókù kò fi dúró.

Ó gbé ojú sókè. Ó ní, "Ẹ bú mi tán, Ìyá Àràmátù. Mẹ́ta ti lọ, mi ò sì mọ ohun tó mú wọn lọ. Èyí, mo mọ ohun tó fẹ́ mú un lọ. Mi ò padà."

Kí n tó fèsì, ariwo sọ níta. A jáde. Láti ìhà Nombakélé, èéfín kan ń ga sókè tí n kò rí irú rẹ̀ rí, kò dúdú, kò funfun, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí omi ìpẹtà. Buraimoh ti ń sáré. Marcellin sáré tẹ̀lé e, èmi náà káṣọ, mo sá tẹ̀lé wọn.

Nígbà tí a débẹ̀, àwọn aládùúgbò ń da iyanrìn sí i, wọ́n ń ju àpò tútù lé e lórí. Ẹ gbọ́, iná náà ń jó lábẹ́ iyanrìn! Wọ́n á bò ó, á dákẹ́ ìṣẹ́jú kan, á tún yọ orí. Marcellin ń ké pé kí wọ́n fi iyanrìn sílẹ̀, kí wọ́n pọn omi, kí wọ́n máà fa èéfín náà símú, kí gbogbo ẹni tí kò pọnmi kúrò níbẹ̀ kíá. Wọ́n ti dá a mọ̀ báyìí, wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni agolo kẹrosíìnì gbiná. Páànù ká kò. Nígbà tí àwọn panápaná fi máa fi omi ńlá borí rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ti lọ, yàrá ẹrù ti lọ, ibùsùn ìyá ìkókó ti di irin rírọ́ nínú eérú. Nítorí pé èmi àti Buraimoh lọ bú ẹni tó sá lọ, kò sẹ́nì kankan nínú ilé. Kò sẹ́ni tó kú.

Kọmísárì dé pẹ̀lú ọlọ́pàá méjì. Ó wo gbogbo rẹ̀, ó fi igi ro eérú, ó rí ìkòkò amọ̀ tó ti là sí méjì. Ó béèrè ní Faransé, Marcellin sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa pẹ̀lú ohùn wẹ́lẹ́. Ó ní, "Ó ń béèrè ta ló gbé iná sínú yàrá tí kò sí èèyàn."

Mo wo ilẹ̀. Buraimoh wò mí. Kò pẹ́. Ó wá yíjú sí Kọmísárì, ó sì dáhùn ní Faransé fúnra rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó ti gbọ́ lọ́jà: "Mwa, Mùsíyọ̀. Sé mwa." Ìyẹn ni pé òun ni. Wọ́n mú un lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ní àgbàlá Marcellin, lábẹ́ igi máńgòrò onígbàgbọ́, Alfa sọ ọmọ náà ní Ayọ̀dé, bàbá rẹ̀ sì wà ní àtìmọ́lé. Oṣù márùn-ún ló lò. Wọ́n gba ìwé pátáńtì tó fi ń tajà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì rí i gbà padà. Láti ìgbà náà ló ti ń ru pákó létíkun. Àwọn ará ọjà fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Buraimoh Ajólé. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má bàa bi mí pé kí ló dé tí n kò pè é. Kì í ṣe pé irọ́ ni. Ta ló to àpò sórí ìyẹ̀ pákó? Ta ló gbé kẹrosíìnì síbẹ̀? Ta ló kọ̀ láti da àgbájọ nù? Òun ni. Kò gbọ́n, mo ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó fẹ́ èédú yẹn fún ìyàwó rẹ̀ rí. Mo mọ̀, nítorí ọwọ́ tí Tàwàkálítù fi ń bu oúnjẹ fún mi kò tíì yí padà.

Ayọ̀dé ti pé ọmọ ọdún méje báyìí. Iléèwé àwọn Sístà ló ń lọ, Faransé ló sì ń fọ̀ ju Yorùbá lọ. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo wà lọ́dọ̀ wọn, Tàwàkálítù ti gbé ìrẹsì kalẹ̀, gbogbo wa ń jẹun. Ọmọ náà gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "Papa, Justine sọ fún mi ní iléèwé pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ fi iná sun èmi àti Maman nígbà tí mo kéré. Sé vrè? Ṣé òótọ́ ni?"

Tàwàkálítù ní kó dákẹ́ kó jẹun. Buraimoh ní kó fi í sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tí pákó ti họ káàkiri, ó fà á mọ́ra.

Ó ní, "Òótọ́ ni, ọmọ mi. Mo gọ̀ nígbà yẹn. Dárí jì mí."

Ọmọ náà ronú díẹ̀, ó ní òun dárí jì í. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í bóyá òun á rí bàtà tuntun fún iléèwé. Mo jókòó síbẹ̀. Ìrẹsì wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì, mo sì ní kí Tàwàkálítù bá mi fi díẹ̀ kún un.